Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Kù

Ẹyẹ Àjọ tó ń ṣètò ìdìbò ti bà lé ojú fèrèsé kí n tó gbálẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì tán. Ó ká apá irin rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wo yàrá náà láti òkè délẹ̀, ó ní, ẹ káàsán, ìyá olóògbé. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, kò sì tíì mọ́ mi lára. Mo gbálẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, mo gbá eruku ọyẹ́ sí i lójú, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Ó ní Ọ̀gágun Mọrádékẹ́ ti dé ìsàlẹ̀ òkè, ó sì ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ogójì ilé ló ti wọ̀, ogójì ìlẹ̀kẹ̀ ló ti wà nínú àpótí rẹ̀, tiwa ló kù. Bí tiwa bá wọlé kí aago mẹ́rin tó lù, ó lè du ipò Olórí Àpapọ̀. Bí kò bá wọlé, ó parí nìyẹn. Àlejò ò gbọdọ̀ bẹ̀ wá, kò gbọdọ̀ ṣèlérí, kò gbọdọ̀ mú ẹ̀bùn lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ mu omi ilé wa. Ìbéèrè mẹ́ta la lè bi í, ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo ní kó dákẹ́, mo ti mọ̀. Ta ni kò mọ Òfin Ojúlé lórílẹ̀-èdè yìí? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí wa gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méje nídìí ìbọn, kó sì wá dé ilé gbogbo ẹni tó kú níbi tó ti ń tẹ̀ lé e lójú ogun, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó lè kọ orúkọ sílẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń wá náà wà lórí tábìlì, nínú àwo pẹlẹbẹ funfun kan. Kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Ọrùn Ìbídàpọ̀ ọmọ mi ni wọ́n ti tú u. Gbogbo ọmọ ogun ló ní tirẹ̀, a sì máa pa ohùn wákàtí ìkẹyìn wọn mọ́ sínú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́. Bí o bá ti abẹ́rẹ́ bọ ihò rẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ tán, yóò di funfun, ìlẹ̀kẹ̀ funfun ò sì wọ àpótí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí o bá jù ú sínú àpótí, àpótí yóò jó o kó tó kà á, ohùn inú rẹ̀ á sì lọ láéláé. Nítorí náà, o lè gbọ́ ọmọ rẹ, o sì lè fi í yan olórí, ṣùgbọ́n o ò lè ṣe méjèèjì.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú rẹ̀ láìgbọ́ ọ. Àwọn ará àdúgbò rò pé nítorí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni, wọ́n a máa yìn mí lójú ọ̀nà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Mo kàn ń fi í sílẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ títí yóò fi jẹ òkèlè tán ni. Tí mo bá fi lè gbọ́ ọ, Ìbídàpọ̀ ò tún ní ohunkóhun láti sọ fún mi mọ́ láyé yìí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà Àjọ ti dé ni mo ti pinnu. Màá jẹ́ kí obìnrin náà gun òkè wa tán. Màá fún un lómi. Màá bi í ní ohun tí mo bá fẹ́ bi í, màá wá ti abẹ́rẹ́ bọ ìlẹ̀kẹ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró, kó gbọ́ ohùn ọmọ tó kó lọ tí kò kó bọ̀, kó sì fi ọwọ́ òfo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní fi bò, inú ló ń bí mi. Ó ti ń bí mi fún ọdún mẹ́rin, mo sì ti mọ bí a ṣe ń bá a gbé.

Fadérera, àbúrò Ìbídàpọ̀, òun nìkan ló kù fún mi báyìí, jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ife omi kan. Ó rí abẹ́rẹ́. Ó gbé ife kalẹ̀, ó fi ìka nu etí tábìlì tí kò dọ̀tí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní jókòó díẹ̀ ná?" Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí. Ó ní ẹ̀kọ tútù wà nílẹ̀, ṣé kí òun bù ú wá. Mo ní ebi ò pa mí. Ó tún ní oòrùn ti mú jù, bóyá kí n kọ́kọ́ lọ na ẹ̀yìn kí àlejò tó dé. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Àwọn ọmọ mi méjèèjì, ẹ ò lè gbọ́ ọ láé pé wọ́n bá àgbà jiyàn. Gbogbo ará Òkè-Ìtura wa yìí ló ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tiwọn, èmi náà a sì máa fi wọ́n yangàn.

Omi inú ife yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí òkun gba àwọn ìlú ìsàlẹ̀ tí gbogbo wa sá gòkè, a ò bá kànga kankan lórí àpáta yìí. Fadérera ló kọ́ wa láti máa fi àwọ̀n gba omi nínú ìkùukùu. Ojúlé dé ojúlé ló lọ nígbà náà, tó ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n bá òun hun àwọ̀n, tó ń parí ìjà láàárín àwọn tí kò fẹ́ kí àwọ̀n aládùúgbò wọn ga ju tiwọn lọ. Òun ló ṣètò bí omi ṣe ń lọ láti ilé kan sí òmíràn. Ọdún kẹfà rèé tí ẹnikẹ́ni ò tíì jà nítorí omi lókè yìí, bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí òkun ò gbà, ọ̀bẹ ni wọ́n ń mú dání lọ pọn ọ́n. Nígbà ọyẹ́, ìkùukùu kì í wá, ife méjì péré la máa ń ní fún ojúmọ́ kan. Ife tirẹ̀ ni Fadérera yóò fún àlejò mu.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbà òkè kó ara wọn jọ pé òun ni kó lọ du ipò Olórí. Wọ́n gbé e dé iwájú ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè orúkọ, ó sọ ọ́. Ó béèrè ọdún tó lò nídìí ìbọn. Fadérera tẹ òdo. Ẹ̀rọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì pa ojú rẹ̀ dé. Fadérera ń rẹ́rìn-ín nígbà tó délé, ó ní ó kéré tán ẹ̀rọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa láti kékeré pé ẹni tí kò bá gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé èjìká rí kò lè mọ iye tí ẹ̀mí ènìyàn tó, pé ìbọn ni í kọ́ni ní àṣẹ, ìyà ni í kọ́ni ní àánú. Mo gbà á gbọ́. Ìbídàpọ̀ náà gbà á gbọ́. Kì í ṣe ogun ló wù ú. Ó ní òun fẹ́ ṣe ọdún méje òun, kí òun lè padà wá ṣe nǹkan fún ìlú. Ọdún kẹta ló kú.

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ kan ń wọ́. Òfin ní ẹsẹ̀ ni kó fi rìn wá, àtẹ̀gùn wa sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Nígbà tó yọ sí ẹnu ọ̀nà, mo rí obìnrin kan tó tó bí ẹni àádọ́ta ọdún, irun rẹ̀ ti ń funfun létí, aṣọ ológun wà lọ́rùn rẹ̀ bí òfin ṣe wí, àpótí náà sì so mọ́ ọn láyà. Ó dúró ṣánṣán. Ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó kí mi bẹ́ẹ̀.

Mo ti mọ̀ pé aṣọ ológun kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òfin wọn nìyẹn. Síbẹ̀, kí obìnrin tó tó ọmọ mi dúró lójú mi bí òpó, kó máa fi ọwọ́ kí mi, ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mi ò ní kó jókòó. Ẹyẹ Àjọ rán an létí pé kò gbọdọ̀ jókòó àyàfi tí a bá ní kó jókòó, ó ní òun mọ̀. Fadérera fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún un. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó mu ún tán pátápátá. Ó wo ìsàlẹ̀ ife náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fadérera, ó sì pè é ní Mà.

Mo ní, "Ìbéèrè àkọ́kọ́. Báwo ni ọmọ mi ṣe kú?"

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi sọ pé wọ́n rán an ṣíwájú láti yẹ ọ̀nà wò, pé ó kú tìgboyàtìgboyà, ó kọjú sí ọ̀tá. Mo ń dúró kó kà á fún mi bẹ́ẹ̀ gan-an, kí n lè nawọ́ mú abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Èmi ni mo ṣìnà, Mà."

Ẹyẹ Àjọ yí ojú sí i. Ó ní òun fẹ́ sọ fún àlejò pé ìdáhùn yìí yóò wà nínú ìwé títí ayé, ó sì lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ṣé ó fẹ́ yí i padà. Obìnrin náà ní òun ò yí i padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kò gbé ohùn sókè, kò sì gbójú kúrò lára mi.

Ó ní etí ààlà ni wọ́n wà, níbi tí odò ti gbẹ tó ku iyanrìn nìkan. Ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún wọn ti kú láti ọjọ́ kejì. Òun ni ọ̀gá, òun ló ní kí wọ́n gba apá òsì. Àwọn ará òdìkejì sì ti ri ẹyin irin mọ́ abẹ́ iyanrìn níbẹ̀, irú èyí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó láti mú kó bú gbàmù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn, àfi Ìbídàpọ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń bá bàbá rẹ̀ wa iyanrìn títà. Bí wọ́n bá ti yí iyanrìn padà, àwọ̀ rẹ̀ kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó lè gba oṣù kan, ojú ọmọ mi á sì rí i láti òkèèrè.

Ó ní Ìbídàpọ̀ sáré tẹ̀ lé òun, ó rìn sún mọ́ òun, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mà, ẹ ò ní jókòó díẹ̀ ná?"

Obìnrin náà ní òun sọ fún un pé ológun kì í jókòó lójú ọ̀nà. Wọ́n tún rìn díẹ̀. Ó tún wá, ó ní omi tútù ṣì wà nínú ike òun, kí Mà dúró bá òun mu díẹ̀ níbẹ̀. Òun rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, pé ó ń wá ọ̀nà àtisinmi. Òun fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹta, kò sọ ti ìjókòó mọ́. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú." Ó kọjá lára òun. Ó rìn bí ẹsẹ̀ méjìlá.

Fadérera ti fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Àwa mẹ́rìndínlógún la kù lẹ́yìn rẹ̀," obìnrin náà ní. "A tẹ̀ lé ipasẹ̀ wa padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo rán an ṣíwájú. Wọ́n fi oyè kún oyè mi nítorí ìwé yẹn." Ó ní ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn ò yé òun títí òun fi padà sílé lọ́dún kan lẹ́yìn náà. Òun fẹ́ da iyọ̀ sínú tíì, òun rò pé ṣúgà ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan sì wà níbẹ̀ tó rí i. Ọmọ náà ò sọ pé iyọ̀ ni. Ó ní, Àǹtí, ẹ ò ní jókòó díẹ̀ ná? Ó ní ọwọ́ òun dúró sórí ife, òun ò sì lè gbé e kúrò.

Mo wá àga, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

Ìbídàpọ̀ ò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá kí wa láti ìlú kejì, wọ́n ń padà lọ, wọ́n sì yà sí ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà wọn. Ọmọ náà kígbe lójú gbogbo ènìyàn pé, Bàbá, ẹ ti ṣìnà. Mo gbá a létí. Mo fà á wọlé, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà: a kì í wo àgbà lójú ká sọ fún un pé ó ṣìnà. Tó o bá rí i pé kò mọ̀, rọra dá a dúró. Ní kó jókòó. Fún un lómi. Òun fúnra rẹ̀ á rí i. Mo jẹ́ kó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jẹ́ kó jáde lọ ṣeré. Ọmọ tó gbọ́n ni, kò gbàgbé.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wá ẹni tó pa ọmọ mi. Mo rí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, mi ò sì lè sunkún, nítorí ojú ẹyẹ irin yẹn wà lára mi.

Mo ní, "Ìbéèrè kejì. Ṣé ogun ló kọ́ ọ láti wá sọ òtítọ́ yìí fún mi?"

"Rárá, Mà," ó ní. "Ogun kọ́ mi láti pa á mọ́."

Mo wò ó títí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, àmọ́ kò fara ti nǹkan kan. Mo nawọ́ sí Fadérera ní ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ọmọ mi nìyí. Kò gbé ìbọn rí. Òun ló gba omi tó o mu yẹn nínú ìkùukùu, òun ló ń pín in fún gbogbo òkè yìí láìsí ìjà. Ìbéèrè kẹta. Láàárín ìwọ àti òun, ta ló yẹ ní olórí?"

Ó wo Fadérera, ó wo ife tó ṣófo. "Òun ni, Mà. Òfin ni kò gbà á."

Ẹyẹ Àjọ ní ìbéèrè ti pé. Ó ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tún ní, nítorí pé ó jẹ́ dandan kó sọ ọ́, pé bí àpótí yìí ò bá pé, Ọ̀gágun Adégoróyè nìkan ni orúkọ rẹ̀ yóò wà níwájú àwọn olùdìbò. Gbogbo wa la mọ Adégoróyè. Ọdún méje tirẹ̀, orí àga ló ti lò ó ní Olúdé tó jìnnà sí ojú ogun, ojú dígí ẹ̀rọ ló ń wò tó fi ń rán àwọn ọmọ lọ sórí iyanrìn. Nítorí pé kò sí lójú ogun pẹ̀lú wọn, ìwé ò ka ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ àwọn tó kú níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé e. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta péré ni òfin ní kó wá. Ó ti sọ pé ogun yìí á tún gba ọdún mẹ́wàá, ó sì sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀.

Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ni mo mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà yẹn, kì í ṣe ìbínú mọ́. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọmọ mi ni. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo wá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe pe "Mà" yẹn. Mo fi ìka méjì gbé ìlẹ̀kẹ̀ nínú àwo, mo wá ihò rẹ̀.

Fadérera kúrò lára ògiri. "Mọ́mì," ó ní, "ẹ ò ní..."

Kò sọ ọ́ tán. Òun náà gbọ́ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ojú sókè wò ó, mo sì rántí pé láti ọ̀sán ló ti ń sọ ọ́. Ìjókòó, ẹ̀kọ tútù, ẹ̀yìn nínà. Láti ọ̀sán ni ọmọ mi ti ń sọ fún mi pé mo ti ṣìnà, mo sì ń jágbe mọ́ ọn.

Mo ní, "Fadérera, má ní kí n jókòó. Bí mo bá ń ṣìnà, sọ fún mi."

Ó wo ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó ti pàṣẹ fún ọgọ́rùn-ún ọkùnrin lórí àwọn àpáta yìí, ẹnu rẹ̀ ò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìyá rẹ̀. Èmi ni mo rán ẹnu yẹn pọ̀. Ó pẹ́ kó tó là á.

"Ẹ ń ṣìnà, Mọ́mì."

Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. "Ẹ fún un. Kì í ṣe nítorí pé ó jagun. Ẹni tó jagun pọ̀. Bí Adégoróyè bá wọlé, àwọn ọmọ á máa lọ sórí iyanrìn yẹn, kò sì ní sí ẹni tó máa lè sọ fún un. Èyí ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá lè sọ fún olórí pé ó ti ṣìnà. Ó sì wá sọ ọ́ fún wa lójú ẹ̀rọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bùrọ̀dá mi ti sọ̀rọ̀, Mọ́mì. A ti gbọ́ ohun tó sọ."

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi jókòó. Ẹyẹ Àjọ ń ka ìṣẹ́jú. Mo di ìlẹ̀kẹ̀ náà mú ní àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi gbóná bí ara mi. Mo gbé e sétí, mo mọ̀ pé kò ní sọ nǹkan kan, kò sì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo rìn lọ bá obìnrin náà, mo jù ú sínú àpótí àyà rẹ̀.

Ó dún bí ẹ̀pà tó ta nínú ìkòkò gbígbóná, ẹ̀ẹ̀kan. Èéfín díẹ̀ jáde. Ẹyẹ Àjọ ní, ogójì lé kan, ó pé, ó kí ìdílé wa kú iṣẹ́ orílẹ̀-èdè, ó na apá irin rẹ̀, ó fò lọ sínú ọyẹ́.

Obìnrin náà dúró títí a ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ó tú àpótí lọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀. Ó tú bọ́tìnnì aṣọ ológun rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó bọ́ ọ, ó ká a sórí àga. Bùbá kékeré kan tó ti gbó ló wọ̀ sábẹ́. Ó di tábìlì mú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà," ó ní.

Mo ní kó dìde. Ìbéèrè mẹ́ta mi ti tán lójú òfin, ṣùgbọ́n òfin ti fò lọ, àwa obìnrin mẹ́ta ló kù nínú yàrá náà. Mo bi í bí ohùn ọmọ mi ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ó ronú. Mo rí i pé ó ń wá a dáadáa, kò fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ó ní ọyẹ́ ni nígbà náà, bí irú ìsinsìnyí. Ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe é, imú rẹ̀ ti dí, kò lè pe "Mà" kó já geere. Ó ní ó máa ń fọn imú kó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé kò fẹ́ fọn ọ́n lójú òun.

Ọ̀fìnkìn. Gbogbo ọyẹ́ tí Ọlọ́run dá ni ó máa ń ṣe é, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Òrí ni mo máa ń yọ́ díẹ̀, tí n ó fi ra á nímú lálaalẹ́, á máa yí orí kúrò, á ní ó ń rùn. Nígbà tó ń lọ, mo di òrí náà sínú ike kékeré kan fún un, mo tì í bọ inú àpò rẹ̀, mo sì gbàgbé láti sọ fún un ibi tí mo fi í sí.

Mo bi obìnrin náà bóyá ọmọ mi rí ẹnikẹ́ni tó fi òrí ra á nímú.

Ó ní rárá, Mà.